Ẹnu Ọ̀nà Tí Kàmọ́rù Tà fún Mi

Ẹ jókòó, ẹ̀yin káfíńtà ẹgbẹ́ mi. Àlá kan ni mo lá lóru àná, kò sì ṣeé gbọ́ lórí ìdúró. Ẹ fi pákó yẹn sílẹ̀, oníbàárà tó bá fẹ́ rà á yóò dúró.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń wá ilé tó dẹnu kọlẹ̀ rà. Ẹ kúkú mọ iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá wà lórí òrùlé ló ń rí òrùlé ẹlòmíràn: èyí tó ti dípẹtà, èyí tí igi rẹ̀ ti tẹ̀, èyí tí koríko ti hù lórí rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó bìkítà. Mo ní kí n ra ọ̀kan ní ẹ̀dínwó, kí n fi ọwọ́ ara mi tún un ṣe, kí n tà á, kí n sì tún fi owó rẹ̀ ra òmíràn. Mo rí ọ̀kan ní Ìjẹjà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Kàmọ́rù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílé, ní òun yóò tà á fún mi. Òní yìí gan-an ló yẹ kí n gbé owó àsansílẹ̀ fún un. Owó tí èmi àti Ìyá Fọlárìn, ìyàwó mi, jọ ń kó pamọ́ lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo fẹ́ gbé, owó ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ fi máa ta ẹja. Mi ò tíì sọ fún un. Mo ní tí èrè bá dé ni n óò sọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Nínú àlá yìí, mo wà lórí òrùlé kan tí wọ́n fi búrẹ́dì ṣe, mo ń kan ìṣó mọ́ ọn. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé búrẹ́dì náà tinrín ju èyí tí onílé sanwó fún lọ. Mo gbójú sókè, mo rí gbogbo ilé Abẹ́òkúta tí wọ́n nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Ẹ mú mi! Ẹ mú èmi, ọ̀gá!" Ọ̀kan ní òun ní ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án. Ọ̀kan ní lóòótọ́ ni ògiri òun ti sán, ṣùgbọ́n òun kì í jẹun púpọ̀. Ilé ti Ìjẹjà nìkan ni kò nawọ́. Ó fi fèrèsé bojú, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i láyà gàdàgbà pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, torí ó dàgbà jù mí lọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Ta ló ń kí mi?" ni ilé wí. "Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ènìyàn ti kí mi kẹ́yìn."

"Káfíńtà ni mí. Ṣé lóòótọ́ lẹ kì í ṣe títà?"

"Mo ń sùn lọ́wọ́ ni wọ́n wá kọ ọ́ sí mi lára. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́ fi mí ṣe?"

Mo ti múra ìdáhùn yìí sílẹ̀ tipẹ́. Mo ní, "N óò pààrọ̀ páànù yín, n óò kùn yín ní ọ̀dà, n óò sì tà yín fún olówó kan kí ọdún tó parí."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti inú àjà ilé náà. Ó ń sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ṣé omi yẹn ò tíì ba pákó àjà jẹ́.

"O kàn fẹ́ gba ara mi kọjá ni," ilé wí. "Ta ló máa bá ọ jà nínú mi? Ta ló máa pariwo lé ọ lórí pé o ò pa iná? Àádọ́ta ọdún ni mo fi gbọ́ ìjà ọkọ àti aya, òun ló mú ògiri mi dúró. Lọ wá owó tí kò fi ara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí o sì mú ẹni tó máa bá ọ jà dání, kí o tó padà wá."

Mo ní ó dáa. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀ lójú mi.

Mo bá gbé àkàbà mi, ó di báǹkì. Ojú òfuurufú ni báǹkì náà wà, ó ń léfòó lókè odò Ògùn. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, àwọn tó yá owó níbẹ̀ ló sì ń di okùn náà mú. Ẹni tó bá san tirẹ̀ tán ni wọ́n ń jẹ́ kó sinmi. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Bàbá kan sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti ra ọ̀kadà lòun ti wà nídìí okùn, pé kò burú, atẹ́gùn ń fẹ́ sí àwọn dáadáa.

Obìnrin kan tó wọ awò ojú mẹ́ta léra ló dá mi lóhùn lókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí, ta ni onídùúró yín?"

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Láfẹ́nwá ni, mà."

"Ṣé ó mọ bẹ́ ẹ ṣe ń hanrun?"

"Èmi kì í hanrun, mà."

Hámà tó wà lápò mi wúkọ́. "Irọ́ ni, mà," ó wí. "Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti gbọ́ ìhanrun mi fún ọdún mẹ́wàá gbáko nìkan ló lè dúró fún mi, pé òfin báǹkì ni. Mo mọ ẹni náà dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà mi.

Ibi tí mo ti ń wo bàtà ni owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó fi báàgì há abíyá, ó sì jókòó tì mí.

"Owó," mo wí, "ó yá, jẹ́ ká lọ bá Kàmọ́rù."

"Mi ò lọ. Mi ò tíì dágbére nílé."

"Dágbére kẹ̀? A ò ní í pẹ́."

"Ẹni tó jókòó sínú òórùn ẹja títí ó fi kó mi jọ, kí n wá jáde nílé rẹ̀ láìwí fún un? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Owó ló ń kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ilé! Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún Kàmọ́rù, mo bá ki owó náà mọ́lẹ̀, mo gbé e sí èjìká tòun ti báàgì rẹ̀, mo sì gba ojú fèrèsé jáde.

Ọ́fíìsì ilẹ̀ ni mo bọ́ sí. Alàgbà kan jókòó síbẹ̀ tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé. Mo rí irùngbọ̀n rẹ̀, mo rò pé àgbà ló dé sí i. Kò pẹ́, ìwo yọ. Kò pẹ́ sí i, pátákò ló fi ń di òǹtẹ̀ mú. Nígbà tí yóò fi bèèrè orúkọ mi, ó ti di òbúkọ. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan sí i, èmi náà sì fún un ní ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ipò rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Mẹ̀ẹ́," ó wí. "Ìwé dà?"

Mo fún un ní ìwé àdéhùn. Ó ka ojú ìwé kìíní, ó jẹ ẹ́. Ó ka ìkejì, ó jẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dá ìkẹta sí, orúkọ mi wà níbẹ̀." Ó ní òun kì í ṣe ojúsàájú, ó sì jẹ ẹ́.

Bí àwọn ọmọ onílé ṣe wọlé nìyẹn, àwọn méjèèje, tí kálukú gbé ìpín tirẹ̀ dání. Alhájà Rámọ́tà, àgbà wọn, ru àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀kan gbé kànga mọ́ àyà bí ọmọ jòjòló. Ọ̀kan ká òrùlé bí ẹní, ó fi há abíyá. Kàmọ́rù ló wọlé kẹ́yìn, ó gbé férémù ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

"Kàmọ́rù, ilé mi dà?"

"Òun rèé. Ẹnu ọ̀nà ni ìpín tèmi, ọ̀gá. Ẹnu ọ̀nà ni mo tà fún yín."

"Ṣebí o ní àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbà?"

"Wọ́n gbà. Wọ́n gbà pé ẹnu ọ̀nà ni tèmi."

Ó yẹ kí n bínú, àbí? Inú mi dùn ṣìnkìn ni. Mo gbé ẹnu ọ̀nà náà lérí, mo gbé e la Ìjẹjà kọjá, mo ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé mo ti di onílé. Wọ́n ń bá mi yọ̀. Ìyá àgbà kan ní kí n jẹ́ kóun wọlé wò ó. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí etí títì, ó gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì tún bọ́ sí etí títì. Ó ní ilé náà gbòòrò, ó sì ń gba atẹ́gùn. Mo ti ń ṣírò iye ayálégbé tí ẹnu ọ̀nà kan lè gbà nígbà tí òbúkọ sáré bá mi.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ò tíì tẹ̀ka!"

Mo na àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò ká wọnú ọwọ́.

"Èmi ò ní tẹ̀ ẹ́," ó wí.

"Kí ló dé?"

"Ọdún méjìlélógún lo ti ń fi hámà lù mí. O bẹ̀ mí rí? Ìyá Fọlárìn ló ń fi òrí pa mí, òun ló ń fẹnu fẹ́ mi. Ibi tí òun bá tẹ̀ka sí ni n óò tẹ̀ka sí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní n óò ra ìbọ̀wọ́ fún un. Hámà náà tọrọ àforíjì, ó ní iṣẹ́ ló fà á. Àtàǹpàkò kọ̀ jálẹ̀. Òbúkọ ń fà á níhìn-ín, èmi ń tì í lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kẹta kan wá dì í mú. Ọwọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí àlùbọ́sà, àtàǹpàkò mi sì bá a lọ láìjanpata.

Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá Fọlárìn jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di àtàǹpàkò mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù mi.

"Ẹ má bínú, Bàbá Fọlárìn," ó wí. "Kò síná, fóònù tèmi ti kú. Mo fẹ́ pe ẹni tó ń gbé ẹja wá fún mi."

Fóònù ṣí. Ẹ mọ ohun tí mo ń wò kí oorun tó gbé mi lọ? Àwòrán ilé Ìjẹjà ló kún ojú rẹ̀, tòun ti ọ̀dà pupa.

Ó wò ó. "Kí lẹ ń wá nílé àwọn Alhájà Rámọ́tà? Kànga wọn la ti ń pọn omi nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

Mi ò lè purọ́ mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: oṣù mẹ́ta, Kàmọ́rù, owó àsansílẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ obìnrin yìí, kì í dákẹ́. Ó dákẹ́ títí àkùkọ fi kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí kò bà mí rí lórí òrùlé kankan.

"Kàmọ́rù," ó wí nígbẹ̀yìn. "Àbíkẹ́yìn wọn. Àwọn mẹ́fà tó kù ńkọ́?"

"Ó ní wọn ò ní bínú."

"Ẹ sì gbà á gbọ́. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí. Oṣù mẹ́ta, Bàbá Fọlárìn! Alaalẹ́ ni mo ń bi yín pé kí lẹ ń rò, ẹ ní páànù lẹ ń rò."

"Páànù ni mo ń rò lóòótọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, ó tún yíjú padà sí àwòrán náà, ó fà á kó tóbi sí i.

"Igi òrùlé rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì le koko. Páànù nìkan ló lọ."

"Yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì yẹn, ẹ fẹ́ tà á mọ́ ọn?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ tà."

"Ẹ ò ní ta yàrá yẹn. Ibẹ̀ lẹja á ti tà."

"Ìyá Fọlárìn, ta ló ń ra pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń rùn bí ẹja?"

"Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹja! Ṣé nọ́ńbà Alhájà wà lọ́wọ́ yín?"

Ó wà lọ́wọ́ mi. Látọjọ́ kìíní ló ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò kàn pè é, torí ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sọ pé rárá. Mo sọ ìyẹn náà fún un. Ó mi orí, ó pòṣé.

Ibi tí a ti ń jiyàn, fóònù ti pa ojú dé. Ìyá Fọlárìn kò wò mí, inú ṣì ń bí i. Ó kàn na ọwọ́ sí mi, mo sì gbé àtàǹpàkò mi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Alhájà," ó wí nígbà tí wọ́n gbé e. "Ará ilé ni, ẹ má jáyà. Èmi àti ọkọ mi la fẹ́ wá rí yín lórí ọ̀rọ̀ ilé yín. Ẹ bá wa pe gbogbo yín jọ, ẹ̀yin méjèèje."

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Wọ́n ti orí ilé bọ́ sórí kànga, wọ́n ti orí kànga bọ́ sórí ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Ó ti tó àkókò kí n wẹ̀ kí n sì máa bọ̀ níbí, ìdí tí mo fi pẹ́ nìyẹn. Mi ò lè dìde. Kò tíì fi àtàǹpàkò mi sílẹ̀.