Ta Ni Yóò Máa Ró Aṣọ fún Màmá?

Owú kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Àbíkẹ́ ìbá ti gba abẹ́rẹ́ títí ìdí rẹ̀ á fi wú.

Télọ̀ ni Àbíkẹ́. Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló sì máa ń rán jù. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká lórí máṣíìnì, ọ̀tá rẹ̀ pàápàá ò lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n rán. Òun ni ìyàwó tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ ilé Màmá Josiah, nítorí Josiah ọkọ rẹ̀ ni àkọ́bí. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé láàárín ìyàwó ilé, a kì í fi ọjọ́ orí mọ àgbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé. Nígbà tí Kọ́láwọlé, àbúrò Josiah, wá fẹ́ Olúwafèyíkẹ́mi láti Ọ̀yọ́, Fèyí ju Àbíkẹ́ lọ lọ́jọ́ orí, ó tún jẹ́ tíṣà tó ka ìwé jáde ní yunifásítì. Síbẹ̀ "ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pe Àbíkẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí i láàárọ̀. Àbíkẹ́ gbádùn ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ má parọ́, ta ni kò ní gbádùn ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ohun tí Àbíkẹ́ fi ń yan nínú ilé náà ju ìkúnlẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Ọlọ́run yọ ọ́: ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹnu kò wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Ẹni tó bá wá ní ọwọ́ kan ṣoṣo, báwo ló ṣe fẹ́ ró ìró? Ẹ lọ dán an wò nílé yín. Àwọn ọmọ ní kí Màmá kúkú máa wọ bùùbúù. Inú bí Màmá.

"Bùùbúù kẹ̀? Aṣọ tí mo fi ń sùn ni kí n wọ̀ lọ sílé Olúwa? Èmi dìákónẹ́ẹ̀sì?"

Bó ṣe di pé láràárọ̀, Àbíkẹ́ ni Màmá ń pè nìyẹn. Àbíkẹ́ á ró ìró náà fún un, á fà á le, á ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́, á wá wé gèlè lé e. Bí Àbíkẹ́ kò bá tíì dé, Màmá ò ní yọjú síta. Àwọn ará àdúgbò wá sọ Àbíkẹ́ ní "Ọwọ́ Màmá." Abújá ni Josiah ti ń ṣiṣẹ́, ọdún Kérésì nìkan la máa ń rí i. Obìnrin tí ọkọ ò sí nílé, tí kò sì níwèé bíi ti Fèyí, kí ló tún fẹ́ fi gbé orí sókè? Orúkọ yẹn ló gbá mú, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Fèyí ló wá ba nǹkan jẹ́. Bẹ́ẹ bá bi Àbíkẹ́ nìyẹn o.

Ṣé ẹ mọ sàńdàlì ọmọ iléèwé tí kò ní okùn, èyí tó máa ń dún fàà tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ ọ? Ní ọjọ́ Sátidé kan, Fèyí tú nǹkan alẹ̀mọ́ra yẹn kúrò lára sàńdàlì àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti gbó. Ó gán apá kan mọ́ etí ìró Màmá, ó gán èkejì síbi tí etí náà ti máa ń bára pàdé níbàdí. Ó tún rán bọ́tìnnì ńlá kan mọ́ yẹ̀rì Màmá, kí igun aṣọ lè kọ́ ibẹ̀ ná, kó má bàa bọ́ nígbà tí Màmá bá ń yí ìyókù pora. Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọ, ó yí i po, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìró dúró digbí.

Màmá wo ara rẹ̀ nínú dígí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Fèyí, Ọlọ́run á ro ire rò ọ́. Mo tún padà di ènìyàn."

Àbíkẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti wá ró ìró. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣin-in. Mo tún padà di ènìyàn! Kí wá ni òun ń róṣọ fún láti ọdún tó kọjá? Ẹran?

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú oríire, Màmá," ó sì gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Nígbà tó débẹ̀, ó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ láìmọye ìgbà.

Àrà Fèyí kò mọ sílé. Nígbà tí àwọn ìyá àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì rí ìró Màmá, ẹni tí apá ń dùn, ẹni tí ìka rẹ̀ ti ká kò, gbogbo wọn ló ń wá. Fèyí ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá ti ti iléèwé dé, á jókòó sẹ́yìnkùlé, á máa gán ìró fàà. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ìránkíràn ni o! Ìrán rẹ̀ rí gánrangànran bí ẹnu àpò gàrí. Àbíkẹ́ á wò ó, á ṣe "hùn," á kọjá. Ẹni tí kò mọ abẹ́rẹ́ dì mú ni gbogbo ìlú ń yìn!

Èyí tó wá dùn ún wọ egungun ni ti ìyá kan tó wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an, tó dúró láàárín máṣíìnì àti aṣọ tí Àbíkẹ́ gé sílẹ̀, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ilé ìyàwó tíṣà tó mọ aṣọ rán yẹn?" Àbíkẹ́ júwe ilé fún un. Ilé ara rẹ̀ ló júwe, ẹ gbà mí! Nígbà tí ìyá náà lọ tán, Àbíkẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà, ìròyìn dé láti Ọ̀yọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ìyá Fèyí jẹ Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Màmá ní òun á lọ, òun á tún sùn lọ́dọ̀ àna òun. Láti ìgbà tó ti ṣàìsàn, Màmá ò sùn níta rí, nítorí kò sí ibi tó lè lọ láìmú Àbíkẹ́ dání.

"Àbíkẹ́ mi, o ò ní láti da ara ẹ láàmú mọ́," ni Màmá wí. "Dúró ti iṣẹ́ ẹ. Mo lè dá wọṣọ báyìí."

Inú rere ni Màmá fi sọ ọ́. Létí Àbíkẹ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Fèyí gbé ìró léèsì Màmá wá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Ẹ̀yin náà rí i pé ọwọ́ mi ò mọ́ lórí aṣọ. Iwájú àna la ń lọ. Ẹ bá wa fi máṣíìnì rán èyí, kó lè dúró dáadáa."

"Kò burú, ìyàwó. Gbé e sílẹ̀."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Àbíkẹ́ ṣe. Ó táàkì ẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ rí, ẹ mọ táàkì: ìrán gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń so aṣọ pọ̀ ná, kí wọ́n tó wá rán an lóòótọ́. Béèyàn bá fa etí okùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yọ yọ̀ọ̀. Àbíkẹ́ táàkì nǹkan alẹ̀mọ́ra náà, ó lọ aṣọ náà pẹrẹsẹ, ó sì ká a dáadáa. Ohun tó rò ni pé bí Màmá bá ti ń múra ní yàrá lọ́jọ́ Sunday, á tú mọ́ ọn lọ́wọ́, á pè é lórí fóònù pé, "Àbíkẹ́, máa bọ̀ kíákíá." Òun á sì lọ. Gbogbo wọn á mọ̀ pé Màmá ò lè ṣe é láìsí òun. Kò ro ohun tó jùyẹn lọ, mo búra fún yín.

Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, Àbíkẹ́ gbé fóònù sítan, fóònù ò dún. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó wọ mọ́tò, ó dorí kọ Ọ̀yọ́, kó lè wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá pè é. Ẹ tiẹ̀ rí wèrè!

Ó bá wọn nínú ìdúpẹ́. Àwọn àna ti tò, wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Màmá wà láàárín wọn, ó ń ju áńkáṣífù lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú rẹ̀ ń dán. Àbíkẹ́ kò rí i kó jó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ìró ṣì wà nídìí rẹ̀. Àbíkẹ́ mọ̀ pé táàkì kì í gba ijó. Ó fẹ́ sáré, àwọn èrò sì kún ojú ọ̀nà. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó jó sílẹ̀ díẹ̀, ó tún dìde.

Ìró já, ó yọ lára bọ́tìnnì, ó bọ́ sílẹ̀.

Yẹ̀rì funfun Màmá wà níta gbangba, níwájú àlùfáà, níwájú àna. Ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn ń wá aṣọ nílẹ̀, kò bá a. Àwọn akọrin dákẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ò purọ́.

Fèyí ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó já gèlè orí rẹ̀, ó fi yí ìdí Màmá po, ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo ìjọ lè gbọ́: "Ẹ foríjì mí o! Ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo rán an, èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n rán!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pòṣé sí i. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ṣa ìró nílẹ̀, okùn táàkì gùn gbọọrọ lára rẹ̀. Ó wò ó. Ó gbójú sókè, ó sì rí Àbíkẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Fèyí lọ́ okùn náà mọ́ ìka, ó sì kì í bọ àpò rẹ̀.

Wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ náà, Màmá kó gbogbo ìró fàà jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Àbíkẹ́, wá ró o," ló tún kù. Ohun tí Àbíkẹ́ ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ara ògiri ni Màmá ń kọjú sí tí Àbíkẹ́ bá ń ró o, tí wọ́n bá sì ró o tán, Màmá ò lọ ibì kankan. Kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ ìpàdé àwọn ìyá, kò tiẹ̀ jókòó síwájú ilé. Fèyí ní tirẹ̀ ò yéé kúnlẹ̀ kí Àbíkẹ́: "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Kò bá a jà, kò sì sọ ọ́ fún Kọ́láwọlé ọkọ rẹ̀. Àbíkẹ́ ìbá fẹ́ kó bú òun. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń bá Fèyí jowú lé lórí. Ìwà rẹ̀ ló wá ń jowú báyìí, ìyẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó gbé ìró léèsì yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi máṣíìnì rán an, ó tún un rán, ó fi òwú tó nípọn gba orí rẹ̀ kọjá. Ó gbé e wọ yàrá Màmá, ó sì kúnlẹ̀. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe Fèyí ló rán ti Ọ̀yọ́. Èmi ni. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ táàkì ẹ̀ ni."

Màmá ò yíjú kúrò lára ògiri. "Mo mọ̀. Ìrán Fèyí ì bá ti hàn lójú aṣọ."

"Mo rò pé ẹ ò ní nílò mi mọ́ ni, ma."

Màmá wá yíjú sí i. "Àbíkẹ́, ṣé o rò pé inú mi ń dùn láràárọ̀ tí o bá ń ró aṣọ fún mi? Ojú ń tì mí. Èmi tí mo tọ́ ọkọ ẹ, kí n dúró bí ọmọ ọwọ́ kí wọ́n máa wọṣọ fún mi. Mo ń gbà á mọ́ra nítorí pé ìwọ ni. Ìwọ nìkan ni mo gbà kó rí mi bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Ìwọ ló wá fi mí han gbogbo Ọ̀yọ́."

Àbíkẹ́ dojú bolẹ̀, ó sunkún. Màmá ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó ṣe, Màmá na ọwọ́ kan náà, ó gba ìró, ó kọ́ ọ mọ́ bọ́tìnnì, ó yí i po, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n pe Fèyí wá fà á wò. Fèyí fà á. "Fà á dáadáa, ìyàwó," ni Àbíkẹ́ wí láti orí ìkúnlẹ̀. Fèyí fi ọwọ́ méjèèjì fà á, Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ìró ò mira. Màmá mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ìpàdé àdúrà, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé òun.

Ó wá ku àwọn méjèèjì nínú yàrá.

"Ìyàwó, kí ló dé tí o ò tú àṣírí mi?"

Fèyí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ń jowú yín, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ pẹ́ lọ́jà, Màmá ń múra òde ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n bá a ró ìró náà. Ó ní rárá, òun á dúró dè yín. Wọ́n sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsí Màmá níbẹ̀. Ó kúkú yàn láti pàdánù ìsìnkú ju kí èmi fọwọ́ kan aṣọ ìdí òun lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ọ̀nà wo ni mo lè gbà wúlò fún un, bí kò bá tiẹ̀ ní jẹ́ kí n sún mọ́ òun láé."

Àbíkẹ́ sún lórí ilẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó fà mọ́ ẹsẹ̀ Fèyí, ó sì gbé orí lé e lórúnkún.