Ẹ̀bùn Tí Ìyá Bọ́tìnì Kò Tú Wò

Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà ní ilé ìfọṣọ náà. Àwọn obìnrin méjì ń bójú tó ẹ̀rọ, akọ̀wé kan ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, dírẹ́bà ń kó aṣọ lọ, ó ń kó aṣọ bọ̀, bàbá àgbàlagbà kan ń lọ aṣọ, obìnrin kan sì ń rán èyí tó bá ya. Obìnrin yìí ni wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́tìnì, torí kò sí aṣọ tó máa kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní fa bọ́tìnì rẹ̀ wò bóyá ó ti fẹ́ já. Bàbá tó ń lọ aṣọ ń jẹ́ Bàbá Gbígbóná nítorí áyọ́ọ̀nù tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, kò sí ẹni tó tutù tó o nínú gbogbo wọn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gba ìsinmi ìparí ọdún nígbà tí màdáámù tó ni ibẹ̀ pè wọ́n jọ sídìí tábìlì tí wọ́n fi ń ká aṣọ. Ó ní lọ́dún yìí, àwọn máa pààrọ̀ ẹ̀bùn. Kálukú á mú ẹ̀bùn kan wá, á fi bébà wé e dáadáa, kò sì ní kọ orúkọ sí i. Wọ́n á wá mú nọ́ńbà. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà kìíní á yan ẹ̀bùn kan, á tú u lójú gbogbo wọn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e lè yan òmíràn, tàbí kó gba èyí tí ẹnì kan ti tú tẹ́lẹ̀, kí onítọ̀hún sì lọ wá nǹkan mìíràn mú. Èèwọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ mú ohun tóun fúnra rẹ̀ gbé wá.

"Ẹ má ra nǹkan ńlá o," màdáámù wí. "Kó má ju owó oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ẹni tó bá ra nǹkan olówó gọbọi, mo máa gbà pé owó tí mò ń san fún un ti pọ̀ jù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà béèrè ohun téèyàn lè fi owó oúnjẹ ọ̀sán rà. Akọ̀wé ní àbẹ́là olóòórùn dídùn wà, kọ́ọ̀pù wà, kálẹ́ńdà ọdún tuntun wà. Ọ̀kan nínú àwọn afọṣọ ní kí ẹnikẹ́ni má ra kálẹ́ńdà, pé mẹ́rin ló wà lára ògiri òun báyìí, wọn ò sì fẹnu kò lórí ọjọ́ ìsinmi.

Ìyá Bọ́tìnì kàn ń wé òwú rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ọjà rírà kì í wù ú mọ́. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àbá.

"Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀, Mọ́mì."

"Ẹsẹ̀ ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

"Ọṣẹ ńkọ́? Èyí tó ń ta sánsán."

"Ọṣẹ? Fún àwọn tó ń ti ọwọ́ bọ ọṣẹ látàárọ̀ dalẹ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ti ṣe tòun. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀bùn, ọwọ́ Ìyá Bọ́tìnì ṣófo. Ìgbà náà ló rántí àwọn nǹkan tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, àwọn èèyàn ti mú oríṣiríṣi nǹkan wá kí i. Ó dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbà á, ó sì to gbogbo rẹ̀ sókè láì tú ọ̀kan, torí kò sí èyí tó máa wò níbẹ̀ tí kò ní sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú.

Ó fa ọ̀kan tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé. Ó ya igun bébà náà díẹ̀, ó rí igi dídán. Àpótí kékeré ni. Kò rántí ẹni tó mú un wá. Ó ní àpótí á wúlò fún ẹnikẹ́ni, ó fi bébà aláwọ̀ ewé wé e, ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n gbé tíì àti bisikíìtì sórí tábìlì. Akọ̀wé ló mú nọ́ńbà kìíní, ó tú kọ́ọ̀pù kan tó ní etí méjì. Afọṣọ àkọ́kọ́ tú tọ́ọ̀ṣì. Inú rẹ̀ ń dùn lọ́wọ́ nígbà tí afọṣọ kejì ní tọ́ọ̀ṣì náà lòun fẹ́, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ṣe bí ẹni tó bínú, ó lọ mú òmíràn, ó bá kálẹ́ńdà pàdé. Ẹ̀rín wá pọ̀ dé ibi pé màdáámù da tíì sí aṣọ ara rẹ̀, ó sì ní ibi tó dáa jù láti da tíì síra ẹni lòún wà.

Ó kan Dírẹ́bà. Ó mú èyí tó ní bébà aláwọ̀ ewé. Àpótí náà rẹwà, àmọ́ kò ṣí. Dírẹ́bà gbọ̀n ọ́n, nǹkan kan ń dún ṣaworo nínú rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó fẹ́ tì í bọ ẹnu ìdérí rẹ̀.

"Má fi irin kàn án," Bàbá Gbígbóná wí. Ó dìde, ó gba àpótí náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó sì rọra fa ìdérí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yọ bí ẹni fa ọ̀bẹ nínú bọ́tà.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?" Dírẹ́bà béèrè.

"Irú ẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ mi rí," Bàbá dáhùn, ó sì padà jókòó.

Wọ́n fi pákó pín inú àpótí náà sí ojúlé kéékèèké mẹ́jọ, bọ́tìnì ló sì kún gbogbo rẹ̀: ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́tọ̀, ti ṣòkòtò dúdú lọ́tọ̀, ti kóòtù lọ́tọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Bọ́tìnì.

"Ẹ̀bùn yín rèé," akọ̀wé wí. "Tó bá kàn yín, ẹ gbà á."

Ìyá Bọ́tìnì gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo Bàbá Gbígbóná, àmọ́ inú kọ́ọ̀pù tíì tiẹ̀ ni Bàbá ń wò. Ìgbà náà ló yé e ẹni tó mú àpótí náà wá sílé òun, àti ẹni tó ṣe é, àti ẹni tó ṣe é fún. Bàbá yan ẹ̀bùn tiẹ̀, ó tú ìbọ̀sẹ̀, ó ní àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó wá kan Ìyá Bọ́tìnì.

"Ẹ gba àpótí yẹn," wọ́n ní.

Kò lè gbà á, òun ló gbé e wá. Kò sì lè sọ pé òun ló gbé e wá. "Rárá," ó ní, "ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ Dírẹ́bà." Ó mú èyí tó kù nílẹ̀. Àbẹ́là ni. Bó ṣe sọ "rárá" yẹn ló mọ̀ pé òun ti ṣẹ Bàbá lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Dírẹ́bà kó aṣọ jáde. Ìyá Bọ́tìnì fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́, kò wọlé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó lọ bá Bàbá nídìí pákó tó ti ń lọ aṣọ.

"Bàbá, èmi ni mo mú àpótí yẹn wá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kàn án."

"Mi ò tú u wò rí. Mi ò rántí pé ẹ̀yin lẹ fún mi. Gbogbo ohun tí wọ́n mú wá lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò tú ìkankan."

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó dùn mí. Mo rò pé o ti wò ó, kò wù ẹ́. Tó bá jẹ́ pé o ò tú u ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀." Ó tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣe. "Àwọn bọ́tìnì tó ń já lábẹ́ áyọ́ọ̀nù mi ni. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi ń ṣà wọ́n jọ."

"Ẹ máà bínú, sà. Màá gbà á padà lọ́wọ́ Dírẹ́bà."

Kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, Dírẹ́bà dé. Kí Ìyá Bọ́tìnì tó la ẹnu, Dírẹ́bà ti na ọ̀rá kékeré kan sí i. Bọ́tìnì ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lèyí máa wúlò fún," ó ní. "Mo yà sílé nígbà tí mò ń kó aṣọ kiri, mo fún ìyàwó mi ní àpótí yẹn. Ẹ mọ̀ pé oògùn tó ń lò pọ̀. Ó ti to gbogbo ẹ̀ sínú ojúlé mẹ́jọ yẹn, ó ní òun ò tún ní ṣi ti àárọ̀ lò nírọ̀lẹ́ mọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá."

Ìyá Bọ́tìnì gba ọ̀rá náà. Ó kí i kú ìtọ́jú ìyàwó rẹ̀, ó sì padà lọ sọ fún Bàbá.

"Kí ló ṣẹ́ kù ká sọ?" Bàbá wí. "Kó máa lò ó. Mi ò tilẹ̀ lè ṣe òmíràn mọ́, ojú mi ò rí ìlà tí ayùn á tọ̀ mọ́." Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ. "Lọ́jọ́ tí mo gbé e wá, o dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì yí padà. Mi ò wá torí àpótí nìkan. Mo fẹ́ jókòó, kí n bi ẹ́ irú èèyàn tí ìyá ẹ jẹ́."

Kò sí ẹni tó ti bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Kò jẹ́ kí wọ́n rí àyè bi í. Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí òkìtì aṣọ ibùsùn tí wọn ò tíì ká.

"Kò mọ aṣọ rán," ó wí. "Pínnì ló ń fi so gbogbo nǹkan. Aṣọ iléèwé wa, kọ́tìnì, àní ìrọ̀rí. Tó bá dì mọ́ wa báyìí, a ó máa yẹra, torí a ò mọ ibi tí pínnì wà."

Ẹ̀rín pa Bàbá, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìyá Bọ́tìnì náà rẹ́rìn-ín, ó fi etí aṣọ ibùsùn nu ojú. Bàbá mú ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó tẹ́ ẹ sórí pákó.

"Ó dáa," ó ní. "Mò ń gbọ́."