Ojú Ọ̀run Sùn Sórí Bẹ́ẹ̀dì Mi

Àlá tí mo lá lóru àná kò lórí, kò nídìí. Mo kàn ń sọ ọ́ fún yín nítorí pé ẹja ò tíì gbẹ, ẹnu wa sì dilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bó bá ní ìtumọ̀, kò sọ fún mi.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi nílé ọkọ. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté láàárọ̀, èmi ni mo máa ń jáde sí fàràńdà lọ wo ojú ọ̀run àti òkun. N kò sì gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni kí n tó wò ó. Ìyá ọkọ mi ló fi lé mi lọ́wọ́, ìyá ọkọ tirẹ̀ ló fi lé òun náà lọ́wọ́. Bí mo bá ní ó dára, Bàbá Orímisàn, ọkọ mi, á wọ ọkọ̀. Bí mo bá ní kò dára, á jókòó sílé. Àwọn èèyàn ń sọ pé iṣẹ́ iyì ni. Wọn ò sọ pé èmi ni mo ń fi ẹnu mi rán ọkọ mi lọ sójú òkun, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ti wú bí àgbọn yẹn.

Nínú àlá náà, mo jáde sí fàràńdà, n kò rí ojú ọ̀run lókè. Ó wà lórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé ha ìpẹ́ ẹja. Ó ká ara rẹ̀ jọ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, omi sì ń kán létí rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo rò ni pé àgbà ni, ó ju gbogbo wa lọ, ilé mi ló sì wá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Àwẹ̀ró, má rẹ́rìn-ín. Bí ojú ọ̀run bá wọ ilé tìrẹ, ṣé wàá dúró gbagidi bí òpó ni?

Ó wò mí títí. Ó ní, "O ti kí mi kí o tó wò mí."

Kò bínú. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí kò tíì fojú kan oorun láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a. Ó ní òun ì bá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n òkun ti gbọ́, òkun kì í sì í pa ẹnu mọ́. Àfi kí a lọ sí ọ́fíìsì.

Orí omi ni ọ́fíìsì náà wà. Ó léfòó bí igbá, ìgbì ń gbé e lọ, ìgbì ń gbé e bọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lórí omi lọ bá a. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tu àtẹ́lẹsẹ̀ mi lára. Ojú ọ̀run ń wọ́ tẹ̀ lé mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkọ mi lọ́ọ̀ọ́kán. Ó fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó fi èkejì sínú omi, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ mi. Òkun sì ń kún. Omi ti dé itan rẹ̀. Kò lè lọ, kò lè bọ̀, nítorí pé n kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà wọ kóòtù, ó de táì. Kí n tó lanu, àga tó jókòó lé ti ro ẹjọ́ mi tán. Àga náà ní òun ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀gá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ó ní ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tó rọ̀ mọ́ ìṣàkíyèsí òfuurufú, ẹnu obìnrin tó bá ti kí èèyàn ti di ẹnu lásán títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gùn ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn. Nígbà tó dé "òfuurufú", ìwo yọ. Nígbà tó fi máa parí, ó ti di òbúkọ, táì sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀.

Mo bi í pé kí ni kí ọkọ mi wá ṣe.

Ó ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Àga ní ọ̀gá ní kó máa dúró bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Omi ti dé àyà rẹ̀."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Àga ní ọ̀gá ní àwọn ti gbọ́.

Òbúkọ wá yí ẹnu sí etí ojú ọ̀run, níbi tí ìkùukùu ti rọ̀ sílẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Ojú ọ̀run ò lé e. Ó ní kó máa jẹ ẹ́, bóyá ara òun á fúyẹ́. Èmi ni mo he sálúbàtà kan nílẹ̀, mo fi gbá a lẹ́nu. Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ṣùgbọ́n òbúkọ ni òbúkọ. Ó sá gba ẹnu ọ̀nà jáde. Bí a ṣe tẹ̀ lé e, ẹnu ọ̀nà yẹn já sínú yàrá mi.

Ojú ọ̀run rí bẹ́ẹ̀dì mi. Kò bi mí. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ti ń hanrun kí n tó fún un ní ìrọ̀rí.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Kò sí nǹkan kan lókè òkun mọ́, ó pá bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Omi ti dé ọrùn Bàbá Orímisàn. Ó ní, "Ìyá Orímisàn, báwo ni ojú ọ̀run ṣe rí?"

Mo rò ó. Bí mo bá ní ó dára, irọ́ ni. Bí mo bá ní kò dára, irọ́ náà ni. Wọ́n sì ti ní ẹnu mi ti di ẹnu lásán. Mo kúkú fi ẹnu lásán náà sọ ohun tí mo rí.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti sùn. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Ó ní, "Ta ló máa wá pa ẹja?"

"Ẹja ò níbi tó ń lọ. Ẹ yọ ẹsẹ̀ yẹn kúrò nínú ọkọ̀."

Ó ń rò ó. Mo rí i tó ń rò ó, omi ń kan ètè rẹ̀, ọkùnrin yìí ṣì ń rò ó. Ìgbà tó yá, ó yọ ẹsẹ̀ náà. Ọkọ̀ dá lọ. Ó kọjú sí ilé, ó ń bọ̀, orúnkún yẹn ò sì jẹ́ kó yá. N kò rí i kó dé tí mo fi jí.

Oòrùn ti wọlé tọ̀ mí wá. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, ilẹ̀ ò mọ́ bá mi lórí ìbùsùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn níwájú lọ́hùn-ún. Wọ́n ti lọ. Bàbá Orímisàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó jọ pé ó ti fẹ́ dìde, oorun sì borí rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀: ẹsẹ̀ kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èkejì wà nílẹ̀.

N kò lọ sí fàràńdà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, jẹ́jẹ́, nítorí orúnkún, mo gbé e sókè ti èkejì. Ó wúwo. Ó yí ojú sí ògiri, ó ń hanrun lọ.