Aago Ẹgbẹ̀rún Mẹ́sàn-án

Èmi ni mo tan irọ́ náà kálẹ̀ ní Ọ̀fà pé ọkọ mi ń gbéraga. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. Nígbà táwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn kí Alhaji Abdulwasiu láàárọ̀, kò sì dáhùn, èmi ni mo rẹ́rìn-ín tí mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé ni kò ti ka ẹnikẹ́ni sí mọ́." Wọ́n gbà á gbọ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, a máa ń gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ọkùnrin tó ń pa gbogbo àdúgbò lẹ́rìn-ín báyẹn lè má gbọ́ràn.

Ọdún kẹta rèé tí etí rẹ̀ ti ń lọ. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, inú ọkọ̀ ojú irin ló ti kọ́ oúnjẹ sísè. Inú kóòṣì tí wọ́n ti ń dáná fún èrò ló máa ń wà, tí irin á máa lu irin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti Ọ̀fà títí dé Kánò. Nígbà tó fi iṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀, tó ṣí ilé oúnjẹ tiwa sí ojú ọ̀nà Pólì, ó tún gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn kíṣìnnì, ó sì fi ogún ọdún dáná nídìí rẹ̀. Ariwo jẹ etí ọkọ mi bí eku ṣe ń jẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìgbà tí a fi máa mọ̀, ó ti jẹ ẹ́ jìnnà.

Òun náà mọ̀, ẹ má rò pé kò mọ̀. Ó máa ń tètè kí èèyàn, á kí tọmọ tìyá kí ẹnu wọn tó yà, torí tó bá ti ṣáájú wọn kí, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn náà, ìdáhùn ni. Ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún, kí ẹnikẹ́ni má ráyè bi í ní ìbéèrè. Èmi ni mo ń gbé fóònù ilé oúnjẹ dání. Tí oníbàárà bá ti pè, màá kọjú sí i, màá la ẹnu gbàràgàdà: "Ìrẹsì Pàtígì mẹ́ta pẹ̀lú ẹran àgbò, ti àwọn ará báńkì!" Òun á ní, "Mo ti gbọ́!" Èmi á sọ nínú ara mi pé, o rí i ni, o ò gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta nìyẹn, a ò sì fi ẹnu kàn án láàárín ara wa rí.

Bí Ọlọ́run ṣe wá dá Ràfátù, ọmọ wa, lóhùn nìyẹn. Ọdún méje ló fi wà nílé ọkọ ní Ìlọrin kó tó lóyún. Ta ló fẹ́ lọ wẹ ọmọ náà bí kò bá ṣe èmi? Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo sọ pé màá lò. Ta ni yóò wá máa gba fóònù? Mo ní kí á gbé e fún Àdùnní, obìnrin tó ń bá wa bu oúnjẹ fún èrò níwájú. Alhaji wo ẹnu mi tán, ó ní, "Ṣé mo ti kú ni?" Ọmọ Ọ̀fà ni, ìjàkadì lorò wọn. Mo fi ọ̀rọ̀ Àdùnní sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Jacob tó ń tún kọ̀m̀pútà ṣe ní òdìkejì wa sọ fún mi pé àwọn ilé oúnjẹ ti ń gba iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, pé ńṣe ni oníbàárà á tẹ ohun tó fẹ́ jẹ ránṣẹ́, tí kò ní í sọ̀rọ̀ rárá, díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn. Kíkọ ni! Ojú ọkọ mi mú ju tèmi lọ. Kò sí ìwé tó kéré jù fún un láti kà.

Jacob kọ orúkọ mẹ́ta lára àwọn tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ sórí bébà fún wa, ó sì jókòó tì wá pẹ̀lú ìgò málítì kan. Ti àkọ́kọ́ kò gba owó oṣù, àmọ́ yóò máa yọ náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan tí a bá pa. Èyí ni Alhaji kọ́kọ́ fi ìka pa rẹ́. Ó ní òun ò lè máa dáná kí ẹnì kan ní Èkó máa jẹ itan àgbò. Ìkejì ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lóṣù. Orí fóònù lásán ló ń ṣiṣẹ́: tí iṣẹ́ bá wọlé, aago á máa dún títí ìwọ fi máa tẹ̀ ẹ́ pé o gbà. Tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé tí o ò tẹ̀ ẹ́, yóò fagi lé e, á sì dá owó oníbàárà padà. Ìkẹta ló wọ́n. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lóṣù, a ó sì tún ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Tí iṣẹ́ bá wọlé síyẹn, bébà á yọ jáde fúnra rẹ̀, á kà á sílẹ̀ pé ìrẹsì mélòó, ẹran mélòó, fún ta ni.

Mo ní, "Ìkẹta ni kí a mú."

Jacob rẹ́rìn-ín. "Mummy, ti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá nìyẹn. Kíṣìnnì wọn jìnnà síwájú, wọn kì í gbọ́ aago. Ẹ̀yin ńkọ́? Fóònù á wà lójú yín, etí yín ò sì di. Kí lẹ fẹ́ fi bébà ṣe?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo wo Alhaji. Ó rí Jacob tó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ni òun náà bá bú sẹ́rìn-ín, ó tún fi ọwọ́ gbá Jacob léjìká. Ọ̀rọ̀ náà padà sí ọ̀fun mi.

Alhaji gbé bébà náà, ó ní, "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ! Odidi àgbò kan nìyẹn, Ìyá Ràfátù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni a ó san."

"Aago ni tìyẹn o," ni mo wí, mo la ẹnu mi dáadáa. "Ẹ ní láti máa fetí sí i."

"Ṣé mi ò ní etí ni?"

Jacob ní kí a dán an wò. Ó gbé fóònù kalẹ̀ síwájú Alhaji lórí tábìlì, ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Iná fóònù tàn, ó ń gbọ̀n tìtì, aago sì ń ké. Alhaji na ìka sí i. "Ó ń dún!" Inú rẹ̀ dùn bíi tọmọdé. Mo rí i kedere pé iná ló rí. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù náà láti ìgbà tí Jacob ti gbé e sílẹ̀. Mo rí i, mo sì sọ fún ara mi pé bóyá, bóyá ti fóònù yìí yàtọ̀, bóyá ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Èmi tí mo máa ń bá alápatà jà nítorí egungun, mi ò lè bá ọkọ mi jiyàn nítorí etí rẹ̀. A san ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.

Ràfátù bí ọkùnrin ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó pè wá láti ọsibítù, ó ní òun fẹ́ kí Bàbá gbọ́ ohùn ọmọ. Mo gbé fóònù sí Alhaji létí. Ó dúró díẹ̀, ó kígbe pé, "Mo gbọ́ ọ o! Ohùn ẹ̀ dà bíi ti ìyá mi!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo dé Ìlọrin ni Ràfátù tó sọ fún mi pé ọmọ náà ti sùn kí òun tó gbé e sún mọ́ fóònù. Kò pariwo kankan lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kẹrin tí mo dé ibẹ̀, mo ń fi òrí pa ọmọ lára lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dàmọ́lá pè mí. Olùkọ́ ni, oníbàárà wa tipẹ́. Ó ní, "Alhaja, ẹ kú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí la fi ṣẹ Alhaji? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ránṣẹ́ oúnjẹ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n dá owó mi padà. Wọn ò fẹ́ tà fún wa mọ́ ni?"

Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo bú Jacob. Lẹ́yìn náà, mo gba fóònù Ràfátù, mo ní kó bá mi ra àwo ìrẹsì Pàtígì méjì nílé oúnjẹ ara mi. Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì kékeré kan ń yí po lójú fóònù, ó ń yí, ó ń yí. Mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, mo ń wò ó. Mo mọ ibi tí Alhaji máa ń dúró sí nírú àkókò yẹn, ìgbésẹ̀ kan péré sí tábìlì. Mo ní, "Yíjú. Yíjú, Bàbá Ràfátù." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé oúnjẹ náà kò dáhùn.

Mo pe Àdùnní.

"Ó ń dún, mà," ni ó wí. "Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló ti ń dún. Alhaji ti fi aṣọ bò ó kí epo má ta sí i. Wọ́n dúró tì í báyìí."

"O wá ń wò ó? O ò lè sọ fún wọn?"

"Mo rò pé Alhaji ò fẹ́ gba iṣẹ́ àwọn oníbàárà ni, mà. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé wọn ò ka ẹnikẹ́ni sí."

Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo wé gèlè sórí irun tí mi ò yà, mo wọ ọkọ̀ Ọ̀fà.

Mo ti ń gbọ́ aago náà láti ẹnu ọ̀nà. Nínú kíṣìnnì, Alhaji kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ro ọbẹ̀. Ó dé fìlà funfun tó máa ń dé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ó ti to ogójì ike oúnjẹ sórí tábìlì, ó ṣí ìdérí gbogbo wọn sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni fóònù wà lábẹ́ aṣọ ìnuwọ́ mímọ́, ó ń ké tantan.

Ó yíjú, ó rí mi, jìnnìjìnnì bá a. "Kí ló dé? Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wà. Ara rẹ̀ le."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi. Ó rò pé òun ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n Àdùnní gbọ́ ọ níta, èrò méjì tó ń jẹun níwájú náà gbọ́ ọ. Ó ní, "Wọn ò pè o. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹnì kan ò pè. Mo ti yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà kúrò lórí àwo kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ wọn ò pè. Ìyá Ràfátù, ó dà bíi pé ọwọ́ mi ti ṣá. Àwọn èèyàn ò fẹ́ oúnjẹ mi mọ́."

Gbogbo èébú tí mo dì láti Ìlọrin tú mọ́ mi lẹ́nu. Irọ́ tèmi ló mú un dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú ogójì ike òfìfo, tó ń rò pé ọbẹ̀ òun ni kò dára. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ṣí aṣọ ìnuwọ́ náà, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé fóònù náà. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó wo iná tó ń tàn láàárín ìka rẹ̀. Ó wá wo ẹnu mi.

"Ó ń dún?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Bó ṣe ń dún láti ọjọ́ Mọ́ńdè nìyí?"

"Bó ṣe ń dún nìyẹn. Oúnjẹ yín ni wọ́n ń béèrè, Alhaji. Gbogbo wọn."

Kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó fi ọwọ́ kejì wá bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í lé orúnkún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, fóònù náà dákẹ́. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná, kò sẹ́ni tó rò ó. Mo rò pé yóò bínú sí mi. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ kọ́ ló sọ.

"Ìyá Ràfátù, ọmọ yẹn, báwo ló ṣe máa ń ké gan-an?"

Mo ti la ẹnu láti ké bí ọmọ náà ṣe máa ń ké, kí n tó rántí pé kò ní í gbọ́ ọ. Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, ó ń retí.