Orí Tí Wọ́n Ní Kò Gba Ìṣirò

Aránṣọ kan fẹ́ gé síkẹ́ẹ̀tì sí ọ̀nà mẹ́fà, ìbàdí oníbàárà sì jẹ́ ínṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kó tó rí nǹkan fi kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlá tó ń gán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ti dáhùn láìgbójú sókè.

"Ínṣì mẹ́fà ààbọ̀ ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Màmi. Mo ti ro ínṣì kan ti ojú rírán mọ́ ọn."

Bí ìyá ṣe wá pẹ́ńsù lọ sínú báàgì ọmọ ló rí fọ́ọ̀mù ilé ìwé. Wọn ò fi í sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Tíṣà fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀: "Orí rẹ̀ kò gba ìṣirò."

"Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí?"

"Tíṣà wa ni. Wọ́n ní kí àwa obìnrin má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá gba ilé ìwé lọ, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá, méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà nínú ìṣirò. Ẹ kúkú kọ́ ọ níṣẹ́ yín."

"Iṣẹ́ mi? Ṣé itọ́ lẹ rò pé a fi ń wọn aṣọ ni?" Ó nawọ́ sí orúkọ àti máàkì àwọn tó wọ sáyẹ́ǹsì lára ògiri. "Ọkùnrin yìí gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Báwo ló ṣe wọlé?"

"Àwọn ọkùnrin máa ń ta jí tó bá yá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Tiwọn ń bọ̀ lọ́nà, tọmọ tèmi ló wá sọnù!"

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé ló gbé ẹjọ́ náà lọ, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi yí fọ́ọ̀mù padà. Ọmọ dé nírọ̀lẹ́, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn.

"Màmi, ṣé tíṣà nìkan ni? Ta ló ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé èmi àti ìṣirò ò mọra, pé ẹ̀yin ni mo fi jọ?"

Ìyá bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn. Ogún ọdún ló ti ń gé aṣọ oníbàárà, tí kò ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Ta ló kọ́kọ́ sọ fóun náà pé òun ò mọ ìṣirò? Kò rántí ẹni náà, ìyẹn gan-an ló sì bí i nínú jù.

"Irọ́ ni mo ń pa mọ́ ẹ," ló wí níkẹyìn. "Má bínú."

Ìdánwò àkọ́kọ́ ní kíláàsì tuntun, márùndínláàádọ́ta ni ọmọ gbà. Àwọn ọkùnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ò pariwo. Ó ti ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa àga.

"Ibo lo ti ṣì í? Fi hàn mí."