Ìkìlọ̀ Tó Pẹ́ Dé Ààfin Ọlọ́gán

Ní ìlú àwọn ikán, nínú ọ̀gán pupa kan létí odò, gbogbo nǹkan ló létò. Ọba wọn, Ọlọ́gán, ń gbé lókè. Ẹyin tí Olorì Abíyè ń yé wà ní yàrá ìsàlẹ̀, níbi tó tutù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tò sójú ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ọ̀kan bá rí nǹkan, á fi orí kan ilẹ̀, ẹnìkejì á gbọ́, á kàn án fún ẹni tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi détí ọba.

Ètò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ iṣẹ́ kankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan oríkì ọba, kó sì kan oríkì tirẹ̀ náà mọ́ ọn. Bí nǹkan kan ò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, wọ́n á ṣáà máa kan "àlàáfíà ni", toríkì-toríkì. Oúnjẹ wọn ò tó nǹkan. Orí wíwú ni wọ́n fi ń sùn.

Lọ́jọ́ kan, odò kún. Tẹ́tílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, kan orí: omi ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbéra, ó ń sanra bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé ààfin, Ọlọ́gán rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó parí, ibi tó dùn ló dé yìí."

Kó tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sunkún gòkè bọ̀. Ìdajì ẹyin ti bómi lọ.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Balógun Oríńlá, olórí ẹ̀ṣọ́, dìde. "Kábíyèsí, ẹ̀ṣọ́ ló kéré. Ẹ jẹ́ ká fi kún wọn, ká wá àwọn tí orí wọn tóbi bíi tèmi."

"Oríńlá, jókòó jẹ́ẹ́," ni Olorì wí. "Kí oríkì tún lè pọ̀ sí i, àbí? Ọlọ́gán, ọkọ mi, mo fẹ́ràn oríkì yín, èmi gan-an mọ̀ ọ́n kì. Ṣùgbọ́n ìdajì ọmọ wa ló kù nísàlẹ̀, òjò sì tún ti ṣú. Ẹni tó bá rí omi, kó kan omi, kó fi mọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò rí nǹkan, kó sinmi."

"Ta ló máa wá mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́ iṣẹ́ náà?" Oríńlá ń kùn.

Ọba fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò ní. "Ẹ gé oríkì kúrò," ló wí níkẹyìn. "Tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé."

Òjò dé. Tẹ́tílẹ̀ kan orí: omi. Kó tó mí, ọ̀rọ̀ ti dókè. Gbogbo ìlú ya sísàlẹ̀, wọ́n ń ru ẹyin gòkè. Ọlọ́gán náà sọ̀kalẹ̀ wá, ó dúró gbagidi sáàárín ọ̀nà tóóró, ó ń wò wọ́n.

"Baba, ẹ kúrò lọ́nà!" Òṣìṣẹ́bìnrin kan tó ru ẹyin ló jágbe mọ́ ọn.

Ọlọ́gán fara mọ́ ògiri, ó jẹ́ kó kọjá.