Ìwé Rélùwéè Tí Mo Fọwọ́ Sí

Ẹni tí kò bá tíì wọ ọkọ̀ láti Ìlaró lọ sí Agége lójoojúmọ́, kó má wulẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ àárẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí. Pápálántò, Ìfọ̀, Sángo, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n tó dé ọsibítù tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn. Tí mo bá fi máa padà délé, ẹsẹ̀ mi á ti wú, Màmá á sì ti máa dúró dè mí kí n wá wẹ̀ fún wọn. Apá kan ara wọn ti rọ láti ọdún méjì, wọn kì í sì í gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn wọ́n. "Kí ẹlòmíì wẹ̀ fún mi kẹ̀? Ṣebí mo bímọ." Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn.

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, nǹkan tún wá burú sí i. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ilé epo tó bá sún mọ́ bọ́dà mọ́. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ni àwọn awakọ̀ wá ń rà kiri, ọkọ̀ di ọ̀wọ́n, sọ́jà sì ń dá wa dúró lójú ọ̀nà títí ara á fi kan gógó. Mo ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ títí tó fi sú ọ̀gá wa obìnrin. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní tó bá fi máa di oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀, kí n wá yàrá gbà sí Agége, tàbí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò tilẹ̀ bínú. Ó ti rẹ òun náà.

Bí ọ̀rọ̀ rélùwéè ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò pé ọkọ̀ ojú irin tuntun tí yóò máa kó òṣìṣẹ́ ń bọ̀, àti pé wọ́n fẹ́ wò ó bóyá wọ́n lè tún ojú irin àtijọ́ ṣe, èyí tó yà láti Ìfọ̀ wá sí Ìlaró. Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ní Abúlé Ògúnníyì ló gbà kọjá, kó tó gba orí afárá sọdá odò wa. Màmá fi kó ọsàn lọ sí Ìdó l'Ékòó nígbà èwe wọn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ọkọ̀ kankan ti gba orí rẹ̀ mọ. Mo jókòó, mo rò ó síwá sẹ́yìn. Tí rélùwéè bá dé Ìlaró, mo lè wẹ̀ fún Màmá láàárọ̀ kí n tó jáde, kí n sì tún bá wọn jẹun alẹ́. N kò bẹ Ọlọ́run ní ju ìyẹn lọ.

Àmọ́ ojú irin yẹn ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Àárín irin méjèèjì ni àwọn ọlọ́kadà wa fi ń kó ìrẹsì Kùtọ̀nú wọlé, nítorí kò sí sọ́jà níbẹ̀. Lukman àbúrò mi wà lára wọn. Gbogbo abúlé ló fẹnu kò: imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ la fi bo ẹnu ọ̀nà náà, tí àlejò bá sì béèrè, a ó ní kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Túnbọ̀sún, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà náà, nìkan ló ti tú àṣírí náà rí. Àwọn kan wá, wọ́n ní àwọn ń pín àwọ̀n ẹ̀fọn, ó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gba ọ̀kadà rẹ̀ àti ìrẹsì orí rẹ̀ lọ. Títí dòní, a kò mọ ẹni tó rán wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, mo ń sá aṣọ Màmá nígbà tí ọkùnrin méjì wọ agboolé, tàwọn ti ẹ̀wù tó ń kọ yanran àti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan bíi ti àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Èyí àgbà ní Adéoyè lòun ń jẹ́. "Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ibí. Ojú irin àtijọ́ la wá wò. Wọ́n ní ó gba ibí kọjá."

Bàbá Fágbénró, àgbà abúlé wa, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ délẹ̀. "Ojú irin kẹ̀? Kò sí o. Wọ́n ti wú u tà tipẹ́."

Adéoyè yíjú sí mi, ó na ìwé kan sí mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á fún wọn. A kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù."

Èmi nìkan ni mo lè kà á délẹ̀ nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ní òǹtẹ̀, orúkọ Ìlaró sì wà nínú rẹ̀. Ọkàn mi sọ fún mi pé òótọ́ ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Lukman ti kúrò nílé láti òwúrọ̀. Lákòókò yẹn gan-an, ó ń bọ̀ láàárín irin náà pẹ̀lú àpò ìrẹsì mẹ́ta, kò sì lè jìnnà mọ́. Tí mo bá mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á pàdé rẹ̀. Tí ìwé náà bá sì wá jẹ́ irọ́ bíi ti àwọn tó ní àwọn ń pín àwọ̀n ńkọ́? Mo sọ fún ara mi pé tí wọ́n bá jẹ́ èèyàn rélùwéè lóòótọ́, wọ́n á padà wá. Iṣẹ́ ìjọba ni, wọn ò ní tìtorí ọ̀rọ̀ obìnrin kan pa á tì.

"Òótọ́ ni Bàbá sọ," ni mo wí. "Kò sí irin níbẹ̀ mọ́. Afárá orí odò náà ti wó."

Adéoyè wo igbó, ó wò mí. Òógùn ti mu ẹ̀wù rẹ̀. Ó jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo kọ orúkọ mi pé pérépéré: Mẹ̀dínátù Ògúnníyì. Mo fún wọn lómi mu, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí mo gbọ́ ìró ọ̀kadà Lukman.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mo ń sá aṣọ síwájú ilé, kí n lè máa rí ojú ọ̀nà. Wọn kò padà wá.

Nínú oṣù Kejì, wọ́n pe ìpàdé nípa rélùwéè sí Ìlaró. Ọkùnrin kan ka orúkọ àwọn ibi tí wọ́n máa tún ṣe, ó dé Ìfọ̀, ó parí rẹ̀ síbẹ̀. Bàbá Fágbénró dìde, wọ́n ní kí ló dé tí ìjọba fi yọ tiwa. Ọkùnrin náà ṣí fáìlì rẹ̀. "Ní tiyín, Bàbá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé irin ti tán níbẹ̀, afárá sì ti wó. Ará abúlé yín ló jẹ́rìí sí i. Mẹ̀dínátù Ògúnníyì ló fọwọ́ sí i."

Kò sẹ́ni tó wò mí. Bàbá Fágbénró jókòó jẹ́jẹ́. Mo lè dìde kí n ní irọ́ ni mo pa, pé irin wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n sọ́jà méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, wọ́n á sì fẹ́ mọ ìdí tí mo fi pa á. Mo jókòó sí àyè mi. Inú mi bàjẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n n kò lókun láti sunkún.

Mo gba yàrá sí Agége, Àpèkẹ́ ìyàwó Túnbọ̀sún sì gbà láti máa wá wẹ̀ fún Màmá. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ṣé rélùwéè ò wá mọ́ ni?"

"Kò wá mọ́, Màmá."

"Ta ló ní kó má wá?"

Mo ní n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Lukman so ẹrù mi mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Sọ́jà pọ̀ lójú títì, ó ní ká gba ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dì mí mú o." Irin kan wà lọ́tùn-ún wa, ọ̀kan lósì, ó gún lọ títí ojú ò fi tó o mọ́. A dé odò. A gba orí afárá tí mo ní ó ti wó. Kò tilẹ̀ mì.